Orí Keje: Orí Tí Kò Níwèé

Akàwé ka ìwé náà dé òpin, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn àfi Ògúnjìmí. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í ṣe ti ayọ̀. Ẹ̀rín ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ rẹ̀ fún ajá lójú ara rẹ̀ ni.

“Fi orí sí orí kí o tó dé orí,” ni Akàwé tún wí, nítorí òfin ní kí ó ka gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. “Orí náà gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀.”

Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bí ohùn obìnrin tó ń ka ìròyìn òwúrọ̀. Àpótí dúdú kan ni, kò tóbi ju àpótí ìjókòó ọmọdé lọ, tí wọ́n gbé sórí tábìlì lọ́wọ́ ọ̀tún Adájọ́ Wúràọlá. Kò ní ojú téèyàn lè wò, kò ní ẹnu téèyàn lè gbá, síbẹ̀ òun ló ń ka gbogbo ìwé tó bá gun òkè Ìdànrè wá sí Ilé Ìhùmọ̀, níbi tí ìjọba ti ń pinnu ẹni tó ni ohun tuntun téèyàn bá ṣe. Ohun tó bá kà ni ìwé náà wí. Ìwé ènìyàn mẹ́rìnlá ló ti kà láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Mẹ́tàlá nínú wọn ló ti sọ̀kalẹ̀ lọ sílé láìgbọ́ ohun tí wọ́n wá gbọ́.

Ògúnjìmí ń wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Orí bátìrì méjì ni. Èkíní ni èyí tí ilé-iṣẹ́ Àìdákú ń ṣe. Oṣù mẹ́jọ péré ló lò létí òkun kí ó tó hewú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ bátìrì ṣe ń wí i, pé orí hewú, nígbà tí iyọ̀ òkun bá mú un, tí nǹkan funfun bá hù yí i ká bí irun àgbàlagbà, tí iná kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Èkejì ni èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà nínú ọkọ̀ apẹja kan ní Eléèkàn, nínú iyọ̀, nínú ọ̀rinrin, ó sì ń dán bí eyín ọmọdé. Ó ti rò pé bí òun bá ti gbé méjèèjì kalẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ní kó gbé wọn kúrò níwájú adájọ́. Wọ́n ní Ilé Ìhùmọ̀ kì í wo nǹkan. Ìwé ni wọ́n ń kà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí Ògúnjìmí kọ sínú ìwé náà kì í ṣe orí mẹ́ta. Orí méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òrí kan. Òrí tí àwọn ìyá ń fi pa ara ọmọ, tí arúgbó ń fi ra orúnkún, òun ló ní kí wọ́n fi sí orí bátìrì kí wọ́n tó de orí náà mọ́lẹ̀. Òrí náà gbọ́dọ̀ yọ́ díẹ̀, kí ó lè ṣàn yí irin ká, kí afẹ́fẹ́ òkun má lè fọwọ́ kàn án. Kò sọ pé kí orí kankan yọ síta. Ṣùgbọ́n kò fi àmì kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀ kankan láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀, Akàwé sì gbé e bó ṣe bá a.

Adájọ́ Wúràọlá bi í bóyá ó ní ohun tí yóò sọ. Ó ní òun ní. Ó ní òrí ni òun kọ, kì í ṣe orí. Akàwé dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ pé òun kò bá òrí kankan pàdé nínú ìwé náà. Ògúnjìmí yíjú sí adájọ́, ó ní ta ni yóò jí lówùúrọ̀ tí yóò gbé orí lé orí, àfi wèrè. Adájọ́ yẹ ìwé wò. Ó ní ilé-iṣẹ́ Àìdákú gbé orí lé orí ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìdérí méjì lórí bátìrì kan, wọ́n sì gba ìwé ìhùmọ̀ lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ti Ògúnjìmí padà lákọ̀ọ́kọ́, tó fi di pé ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: ohun tó kọ, ẹlòmíràn ti ni ín.

“Orí méjì ọ̀hún náà ló sì ń hewú,” ni Ògúnjìmí wí. “Ẹ ò bi wọ́n léèrè ìyẹn.”

“Bàbá, ìwé ló wà níwájú mi.”

Kò jágbe mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ló dun Ògúnjìmí. Ìbá rọrùn díẹ̀ ká ní èèyàn burúkú ni obìnrin náà. Ó ní kí wọ́n sinmi fún ìdajì wákàtí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Lọ́yà Tèmídire ti ń dúró dè é. Ìjọba ló fún un ní lọ́yà náà, nítorí kò ní tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó máa ń jẹ orógbó bó bá ń ronú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí Ògúnjìmí ti mọ̀ fún un, pé gbólóhùn àkọ́kọ́ ni gbòǹgbò ìwé ìhùmọ̀, àti pé igi tí gbòǹgbò rẹ̀ kì í bá ṣe tèèyàn, èso rẹ̀ kò lè jẹ́ tèèyàn. Ó sọ pé ohun tí a kọ la kọ, ẹnikẹ́ni kò lè dá àmì kún ìwé lẹ́yìn ọjọ́ tó bá ti wọlé. Ògúnjìmí ní òun mọ̀. Ó ní ìgbà mẹ́ta ni ọmọbìnrin tó ń gba ìwé bẹ òun lọ́jọ́ tí òun mú un wá pé, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lòun sì sọ pé òun kì í fi nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀.

“Kí ló dé tí ẹ ò fi àmì sí i, sà?”

“Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí mo wí. Ẹni tí kò bá gbọ́, kó lọ kọ́ ọ.”

Tèmídire rún orógbó lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kù, wọ́n ń pè é ní Ẹ̀rí Ẹni-Mọṣẹ́. Bí ẹnì kan bá wà tó mọ iṣẹ́ náà, tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í ṣe ọmọṣẹ́ ẹni tó ni ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ ohun tó wà nínú ìwé fún un rí, wọ́n lè gbé ìwé náà fún un níwájú adájọ́. Bó bá kà á sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmì tó bá wà lẹ́nu rẹ̀ di àmì inú ìwé. Akàwé gbọ́dọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ògúnjìmí bi í pé ta ni. Ó ti mọ̀ kó tó béèrè. Láti ìgbà tí òfin ti sọ pé bátìrì tí kò lójú rírán, tí èèyàn kò lè tú wò, nìkan ni kí wọ́n máa tà, kò sí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ bátìrì mọ́. Ènìyàn méjì ló kù ní gbogbo etí òkun tó ṣì ní nọ́ńbà iṣẹ́ náà. Òun ni ọ̀kan.

“Mi ò ní pè é,” ló wí.

“Ó ti wà níbí, sà. Àná ló dé.”

Ó nawọ́ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fèrèsé, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó ń wo ilẹ̀. Orí rẹ̀ ti pá. Ọdún méjìlélógún ni Ògúnjìmí kò fi rí i, síbẹ̀ bí ó ṣe tẹ ọrùn sápá kan yẹn, ó dá a mọ̀ kíá.

Ohun tó wà láàárín Ògúnjìmí àti Akínmúrelé kò bẹ̀rẹ̀ lórí bátìrì. Wọ́n jọ wà ní kíláàsì kẹrin, nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí òkun ti gbé lọ báyìí. Tíṣà ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa bàbá wọn. Ògúnjìmí kọ ọ́ pé, Baba mi ni oko. Ọkọ̀ ló ní lọ́kàn, nítorí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi tuntun, kò sì sí ohun mìíràn tí ọmọ náà ń rò lọ́sẹ̀ yẹn. Tíṣà gbé ìwé náà sókè, ó kà á fún gbogbo kíláàsì bó ṣe wù ú: “Bàbá mi ní ọkọ.” Ó wá béèrè pé ta ni ọkọ bàbá rẹ̀ ọ̀hún, ṣé ó ti wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù dákẹ́ nígbà tó yá, Akínmúrelé kò dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọkọ Bàbá, orúkọ tó bá a dé ìta, dé etí omi, dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ kejì, Ògúnjìmí gbé igbá ìgbọ́nmi, ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sókun. Kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Ó sì pinnu pé àmì tó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, òun kò ní fi ọwọ́ òun kọ ọ́ títí ọjọ́ tí òun yóò fi kú.

Bóyá ìyẹn ìbá ti tán bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Òjó, wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan, wọ́n tilẹ̀ jọ gbé Ọ̀gá lọ sí ibojì. Ṣùgbọ́n oṣù tí wọ́n sin Ọ̀gá gan-an ni Akínmúrelé lọ wọ ẹ̀wù ilé-iṣẹ́ Àìdákú, àwọn tó bẹ ìjọba títí òfin fi ti ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá pa. Látọjọ́ náà ni Ògúnjìmí ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń mí. Nígbà tí omi gbé Akínwándé, ọmọ Akínmúrelé, lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, gbogbo Eléèkàn lọ bá a kẹ́dùn. Ògúnjìmí jókòó sílé, ó ń fi fáìlì ha orí bátìrì kan tí kò nílò fáìlì.

Ó sọ fún Tèmídire pé kí wọ́n jẹ́ kí òun pàdánù. Ọmọ náà kò bẹ̀ ẹ́. Ohun tó ṣe ni pé ó bi í pé ọkọ̀ mélòó ló gbé orí tó rọ ní Eléèkàn.

Igba ó lé mọ́kàndínlógún ni. Ó mọ gbogbo wọn lórúkọ. Eléèkàn, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí èèkàn lẹ́yìn tí òkun gbé ilẹ̀ lọ, òpó iná méje ló ní. Bí apẹja bá gbé bátìrì sún mọ́ òpó, òpó á kọ́kọ́ yẹ orí rẹ̀ wò. Bí orí náà bá níwèé, iná á wọlé. Láti ọdún tó kọjá, bí kò bá níwèé, òpó á ké síta kí gbogbo èrò lè gbọ́: “Orí yìí kò níwèé. Orí yìí kò níwèé.” Àwọn àgbàlagbà kì í dúró nítòsí bó bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní èpè ni. Ìjọba ti fún wọn láyè di ìparí òjò. Bí Ògúnjìmí bá pàdánù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tú gbogbo wọn kúrò, òfin kò sì ní gbà kí ó fọwọ́ rọ òmíràn mọ́. Iyọ̀ yóò tún máa bá àwọn ọkọ̀ náà jà. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé, tí wọn kò lè fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́, yóò di ohun tí wọ́n ń kó dà sómi.

Ó gba ìwé lọ́wọ́ Tèmídire.

Òfin Ilé Ìhùmọ̀ ni pé ẹni tó bá ń wá ẹlẹ́rìí, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi pè é, ọwọ́ méjèèjì ni yóò sì fi gbé ìwé fún un, kí adájọ́ lè rí i pé kò sí àṣírí láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n padà sínú gbọ̀ngàn, wọ́n mú Akínmúrelé dúró sáàárín. Ògúnjìmí rìn lọ bá a. Ó ti pẹ́ tí ìrìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kò ti gùn tó bẹ́ẹ̀.

“Akínmúrelé, ọmọ Fádáhùnsi,” ló wí, ohùn rẹ̀ gbẹ. “Gba ìwé yìí kí o kà á.”

Akínmúrelé kò tíì gbà á. Ó wò ó lójú.

“Mo retí rẹ nígbà tí Akínwándé kú,” ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́.

“Mo gbọ́.”

“O gbọ́.” Ó mi orí. “Ó dáa. Gbé ìwé wá.”

Adájọ́ Wúràọlá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún un. Ó ní rárá. Ó ní òun àti ẹni tó ni ìwé kì í sọ̀rọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó na ìwé náà jìnnà sójú, ó fà á sún mọ́, ó tún nà án jìnnà. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Ògúnjìmí rí i. Bí ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn ilé tó gbọ́ orin ìyá rẹ̀ ni ojú náà rí.

“Fi òrí sí orí,” ni Akínmúrelé wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀, “kí o tó de orí. Òrí náà gbọ́dọ̀ yọ́ díẹ̀.”

Tèmídire dì mú etí tábìlì. Àmì ti wọnú ìwé. Ẹni-mọṣẹ́ ti kà á, ó sì kà á bó ṣe yẹ. Ògúnjìmí fẹ́ jókòó.

Àfi bí Akàwé ṣe sọ̀rọ̀.

“Ẹlẹ́rìí yìí kò ka ìwé náà,” ló wí. “Ìlà kejì ni mo ti mọ̀. Kò dúró níbi tí ìlà ti gé. Ó wí i ní ìlù. Ohun téèyàn mọ̀ sórí ni wọ́n máa ń wí báyẹn.”

Ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí Ògúnjìmí lọ́kàn bí ìgbà tí wọ́n bu omi tútù dà á lẹ́yìn. Láràárọ̀, kí Ọ̀gá Òjó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọṣẹ́ a tò sẹ́nu ọ̀nà, wọn a máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, wọn a máa wí i: fi òrí sí orí kí o tó de orí, òrí náà gbọ́dọ̀ yọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í wí kò ní jẹun àárọ̀. Lọ́jọ́ tí ó jókòó láti kọ ìwé ìhùmọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ní kó fi gbólóhùn kan sọ ohun tó ṣe, gbólóhùn yẹn ló jáde. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ogójì ọdún, ó ti gbàgbé pé ẹnu ẹnì kan ló ti gbà á. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni àpò kékeré tó gbẹ́ sínú orí náà, níbi tí òrí ń sùn sí, tí yóò yọ́ bí iná bá ń gba ibẹ̀ kọjá, tí yóò dì padà bó bá tutù. Ọ̀gá kò ṣe ìyẹn rí. Ọdún méje ló fi wá a. Ṣùgbọ́n ìlà kẹrin ló kọ ọ́ sí.

Adájọ́ bi Akínmúrelé bóyá ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà kó tó di òní.

Akínmúrelé ká ìwé náà, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. “Ẹ̀yin Adájọ́, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Oníṣẹ́ kì í fi ojú ka ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ló fi ń kà á. Ẹni tó kọ ọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ bi í bóyá tirẹ̀ ni. Ohun tó bá sọ ni èmi náà sọ.”

Ó yíjú sí Ògúnjìmí. Ẹ̀rín díẹ̀ wà létí ẹnu rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ lóye rẹ̀. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ orin ṣọ́ọ̀bù náà. Bí Ògúnjìmí bá wí pé, Tèmi ni, ọ̀rọ̀ parí. Orí náà níwèé, orúkọ rẹ̀ lórí rẹ̀, àwọn òpó méjèèje á dákẹ́. Tèmídire ti ń mi orí sí i láìmọ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìdáhùn.

Adájọ́ Wúràọlá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. “Bàbá Ògúnjìmí, ta ló ni gbólóhùn yìí?”

Ẹnu rẹ̀ ti ń ṣí láti sọ pé tòun ni. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣèèṣì padà sórí ẹ̀rín yẹn. Ó mọ ẹ̀rín náà. Eyín ti kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò ní kíláàsì kẹrin. Ó rí bí yóò ṣe rí: ní gbogbo ọjọ́ tó kù fún àwọn méjèèjì láyé, Akínmúrelé yóò máa jókòó níbikíbi tó bá wù ú, yóò máa mọ̀ ọ́n. Bóyá kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló tún burú jù. Yóò di ẹni tó ṣe òun lóore, òun tí kò lọ kí i nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú. Ní gbogbo ìgbà tí òpó kan bá dákẹ́ ní Eléèkàn, oore Akínmúrelé ni òun yóò máa gbọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ògúnjìmí sọ òtítọ́ lọ́jọ́ náà nítorí pé olóòótọ́ ni, ẹ má gbà á gbọ́. Kò fẹ́ jẹ oore ni.

“Ọ̀gá wa ló ni ín,” ló wí. “Láràárọ̀ la máa ń wí i. Òun náà mọ̀. Irọ́ ló ń bá mi pa.”

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu Akínmúrelé. Inú Ògúnjìmí dùn sí ìyẹn, ó dùn gan-an, kò sì pẹ́ ju bí èèyàn ṣe ń gbé itọ́ mì.

Lẹ́yìn náà ó ní àpò inú rẹ̀ ni tòun. Ó ní kí wọ́n wo ìlà kẹrin. Adájọ́ wò ó. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì jọ pé ó ń wá ibi tí yóò gbà. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó ní gbòǹgbò ni òfin ń wò, gbòǹgbò ìwé náà sì ti di ti ẹlòmíràn láti ẹnu ẹni tó kọ ọ́. Ó ní ẹni tó ni gbòǹgbò ti kú, kò sì béèrè nǹkan nígbà ayé rẹ̀. Nítorí náà, orí bátìrì náà, òrí inú rẹ̀, àti àpò tí òrí ń sùn sí, gbogbo rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé láti òní lọ. Kò sí òpó tí yóò tún kọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wù lè máa rọ ọ́.

“Títí kan Àìdákú?” ni Tèmídire béèrè.

“Ẹnikẹ́ni tó bá wù,” ni adájọ́ wí.

Ògúnjìmí rí i bí ìgbà tó ń wo ojú omi. Kí òjò tó dá, Àìdákú yóò ti máa fi ẹ̀rọ rọ ọ́ ní ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún, pẹ̀lú orúkọ wọn lára rẹ̀. Àwọn ará Eléèkàn yóò máa rà á. Wọn yóò sọ pé ó dáa. Ọdún méje tó fi wá àpò yẹn ti wọnú rẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ohun kan ló kù. Ìwé tó bá di ti gbogbo ayé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá sí i. Wọ́n gbé wàláà gíláàsì kan wá, wọ́n fún Ògúnjìmí ní kálàmù, wọ́n ní kí ó kọ orúkọ Ọ̀gá. Ó kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ gbogbo nǹkan, létà mẹ́ta, gbọọrọ: Ojo.

“Ìhùmọ̀ ojo,” ni Akàwé kà.

Ẹ̀rín bẹ́ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ọkùnrin kan tilẹ̀ bi ẹnì kejì rẹ̀ pé ojo wo ló ń fọwọ́ kan iná. Ògúnjìmí yára wo Akínmúrelé. Akínmúrelé kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé fìlà sáyà, ó ń wo wàláà náà bí ẹni tí wọ́n nà.

“Ṣé kí n kọ ọ́ wọlé bẹ́ẹ̀?” ni Akàwé béèrè. “Bí mo bá ti kọ ọ́, kò ní yí padà.”

Ọ̀gá Òjó, tó ki ọwọ́ bọ ásíìdì láti yọ ọmọṣẹ́ rẹ̀ nínú ewu. Ọ̀gá Òjó, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá tì í, tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba orí òun kọjá. Òun ni wọn yóò máa pè ní ojo, ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìwé náà, títí ayé, pẹ̀lú ohùn dídùn yẹn.

Ògúnjìmí tún gbé kálàmù. Ó fa ìlà kékeré kan sórí létà àkọ́kọ́, ó jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀. Ó fò kọjá létà àárín. Ó fa òmíràn sórí létà ìkẹyìn, ó jẹ́ kí ó gòkè. Ó ti rò pé òun ti gbàgbé.

“Ìhùmọ̀ Òjó,” ni Akàwé kà, ó sì kọ ọ́ wọlé.

Ohun tí wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀ láti Ilé Ìhùmọ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n so kọ́ sórí okùn irin, tó ń fì lófurufú láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Adìẹ-Bà-Lókùn ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ara kì í rọ okùn, ara kì í rọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Tèmídire ní òun ṣì ní ẹjọ́ mìíràn, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ògúnjìmí, ó sì padà wọlé. Nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà pa dé, àwọn méjì ló wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ǹṣì kan ló wà níbẹ̀. Akínmúrelé jókòó sí i, ó sún dé etí, ó fi àyè sílẹ̀. Ògúnjìmí dì mú irin òkè, ó dúró. Orúnkún rẹ̀ ń ro ó láti àárọ̀. Ọkọ̀ náà gbéra, ó fì, àwọn àpáta Ìdànrè ń yí kọjá lábẹ́ wọn. Akínmúrelé wo àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wo orúnkún ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kò sọ pé kó jókòó.

Wọ́n ti dé ìdajì ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

“Mi ò rí wàláà yẹn dáadáa níbi tí mo dúró sí,” ló wí. “Àmì wo lo fi sí i?”

Ògúnjìmí ń wo ìta. Afẹ́fẹ́ ń lu gíláàsì, ìlú ìsàlẹ̀ ń tóbi sí i, òpó iná kan ń tàn lẹ́nu ibùdókọ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi kan ilẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí.

“Dò,” ló wí, láìyíjú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síta. “Mí.”

Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.